Ìyàwó Inú Fọ́tò

Ẹni tó bá rí Monínúọlá láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn, bó ṣe kúnlẹ̀ ti àpótí aṣọ rẹ̀ nínú yàrá, tó ń ká aṣọ, tó ń kọ orin ìjọ lábẹ́ ọ̀fun, yóò ní ìyá àgbà kan ló ń múra àtilọ wẹ ọmọ-ọmọ. Kò sì parọ́. Dùnmínínú, àkọ́bí rẹ̀, ti bímọ ní Ìbàdàn, ọjọ́ Sátidé sì ni ìyá rẹ̀ máa wọkọ̀ lọ bá a. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ní gbogbo Adó-Èkìtì, tí Monínúọlá kò sọ fún ọkọ, tí kò sọ fún àlùfáà, ni pé bí òun bá lọ, òun kò ní bọ̀ mọ́.

Ọkọ rẹ̀ kò lù ú rí o. Kò fẹ́ obìnrin lé e, ọtí kò sì sí lẹ́nu rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ inú ilé náà ló fẹ́ pa á.

Ìgbéyàwó ọlidé ni àwọn méjèèjì ṣe láti ìgbà èwe wọn. Tíṣà ni Adébíyìí, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí sì ni Monínúọlá. Abẹ́ Oǹdó ni Èkìtì ṣì wà nígbà náà, ibi tó bá sì wu ìjọba ni wọ́n ń gbé òṣìṣẹ́ lọ. Wọ́n gbé Monínúọlá lọ sí Ọ̀wọ̀, wọ́n gbé e lọ sí Òkìtìpupa, wọ́n gbé e dé Ìgbókọ̀dá létí omi, níbi tí ẹja ti pọ̀ ju ènìyàn lọ. Òun àti àwọn ọmọ ni wọ́n jọ ń kiri. Adébíyìí kò kúrò ní Èkìtì ní tirẹ̀: ó ṣe Ìgèdè, ó ṣe Ìjan, ó parí rẹ̀ sí Adó. Bí ilé-ìwé bá ti gba ọlidé báyìí, ó di inú ọkọ̀, ó di ọ̀dọ̀ ìyàwó.

Háà, ọlidé ayé àtijọ́! Bí Monínúọlá bá ti gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àyà rẹ̀ a máa lù kì-kì-kì bí ẹni pé àná ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọra. Adébíyìí a sọ̀rọ̀! A sọ ti akẹ́kọ̀ọ́ tó sùn sórí ìwé, a sọ ti ọ̀gá ilé-ìwé tó ń fi ṣòkòtò há kẹ̀kẹ́, wọn a rẹ́rìn-ín títí tí àtùpà fi máa jó tán. Wọn kì í ráyè jà, wọn kì í sì í ráyè sú ara wọn. Kí wọ́n tó mọ̀, ilé-ìwé ti wọlé, omijé ti dé.

Ìgbà tí wọ́n wá dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, tí àwọn méjèèjì fẹ̀yìn tì, tí wọ́n kó sínú ilé tí wọ́n kọ́ sí Adó, Monínúọlá rò pé ọlidé tí kò lópin ló dé. Kò mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ọkọ ọlidé, ọ̀tọ̀ ni ọkọ ojoojúmọ́. Adébíyìí a jí, a gbálẹ̀, a gbé rédíò sétí, a ka ìwé ìròyìn láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò àlòkù. Bí o bá bá a sọ̀rọ̀, "hùn." Bí o bá gbé oúnjẹ fún un, "o ṣeun." Monínúọlá tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbá ọmọ tuntun tó kọ̀ láti ké nídìí títí yóò fi figbe ta, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń gbá ọkọ kó tó sọ̀rọ̀. Ó gbìyànjú títí, ó rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Dùnmínínú pè é pé kó wá wẹ ọmọ, ó gbọ́ nínú ara rẹ̀ pé, ọ̀nà ti là. Ó kó ohun tó fẹ́ràn jù lọ láyé sínú àpótí, títí kan aṣọ òfì tí ìyá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ kó tó kú.

Ìdí àpótí yìí ló wà láàárọ̀ Mọ́ńdè náà tí Adébíyìí fi dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Ó ti ra kámẹ́rà náà láti ìgbà tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n igi ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé ló ń fi í yà.

"Ìyá Dùnmí."

"Ẹ máa wí, Bàbá Dùnmí."

Ó wúkọ́. Ó wo àpótí. Ó wo òrùlé. "Kí o tó lọ," ló wí, "ká lọ ọlidé."

Monínúọlá kọ́kọ́ rò pé òun ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́ ni. "Ọlidé kẹ̀? Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, kí ló tún fẹ́ gba ọlidé lẹ́nu rẹ̀?"

"Ká kàn lọ síbi tí mo ti gbé rí. O kò dé ibẹ̀ rí. Ká lọ Ìgèdè. Ká gba ibẹ̀ dé Ìkógòsì, ká lọ wo omi gbígbóná." Ó fọwọ́ kan kámẹ́rà. "Mo fẹ́ yà ọ́."

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti sọ̀rọ̀ tó gùn tó báyẹn kẹ́yìn. Monínúọlá kò mọ̀gbà tó ní, "Ó dáa."

Kúdírát, ará Ọ̀yọ́ tó gba ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wọn, tó ń ta aṣọ àdìrẹ, ló kọ́kọ́ gbọ́. Ńṣe ló pàtẹ́wọ́.

"Ọlidé! Ẹ̀yin méjèèjì nìkan! Màmá, ìyàwó ọ̀ṣìngín lẹ dà yìí o. Ọkọ tèmi, bí mo bá ní ká lọ Ìlọrin, á ní ta ló kú níbẹ̀? Aṣọ mélòó lẹ mú?"

"Èyí tí mo máa wọ̀ náà ni."

"Èèwọ̀! Kí ènìyàn wo fọ́tò yín kó sọ pé ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ jáde láyé yín? Ibi tí ẹ bá dé, ẹ pààrọ̀ aṣọ. Ẹ mú gèlè mẹ́ta. Ẹ mú bàtà tó ga, ẹ tún mú èyí tó rẹlẹ̀. Bí fọ́tò bá jáde tán, kí wọ́n máa rò pé ẹ ti fi ọdún kan gbáko rìnrìn àjò."

Bí Monínúọlá ṣe di aṣọ kún báàgì nìyẹn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gun ọ̀kadà dé gáréèjì, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ Ìgèdè.

Ilé-ìwé tí Adébíyìí ti kọ́kọ́ di tíṣà wà níbẹ̀ síbẹ̀, àfi pé ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí. Ọ̀gá ilé-ìwé ìsinsìnyí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Olúgbénga, yọ̀ mọ́ wọn, ó sì fún Monínúọlá ní ọ́fíìsì rẹ̀ láti pààrọ̀ aṣọ. Adébíyìí gbé àga kan síta, ó fi ìyàwó rẹ̀ jókòó síwájú ilé-ìwé.

"Gbé ọwọ́ lé orúnkún."

"Ṣé mo fẹ́ gba oyè ni?"

"Gbé e lé e. Wo kámẹ́rà. Má rẹ́rìn-ín."

"Kí ló dé tí n kò ní rẹ́rìn-ín?"

"Ẹ̀rín kì í jẹ́ kójú ènìyàn hàn dáadáa."

Àwọn ọmọ ilé-ìwé ti kún ojú fèrèsé. "Màmá, ẹ rín!" ni ọ̀kan kígbe. "Bàbá, ẹ̀yin náà, ẹ wá jókòó!" Adébíyìí dijú kan, ó ń wo inú kámẹ́rà. Ó yà á ní ìjókòó. Ó yà á ní ìdúró. Ó sún mọ́ ọn, ó ya orí rẹ̀ nìkan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ síbi yàrá tó gbé nígbà náà. Agẹrun kan ti sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó rí bàbá àgbà tó gbé kámẹ́rà, tó ń wọn ilé náà lójú sókè sódò, ó sáré jáde tòun ti abẹ lọ́wọ́.

"Ẹ dákun sà, ṣé ìjọba fẹ́ wó ibí ni?"

"Rárá o," ni Monínúọlá dáhùn, ẹ̀rín sì gbà á lẹ́nu. "Ọkọ mi ló ń fi ibi tó ti jẹ ìyà hàn mí."

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti wọkọ̀ lọ sí Ìkógòsì. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ mọ bó ṣe rí: omi gbígbóná ń ṣàn bọ̀ láti ìhà kan, omi tútù ń ṣàn bọ̀ láti ìhà kejì, wọ́n á wá pàdé lábẹ́ igi ńláńlá, wọ́n á jọ máa lọ. Monínúọlá bọ́ bàtà, ó káṣọ sókè, ó fi ẹsẹ̀ kan sí gbígbóná, ó fi ìkejì sí tútù. Inú rẹ̀ dùn bí ti ọmọdé. Èéfín omi ń rú wẹ́wẹ́, oòrùn ń gba àárín ewé kọjá bọ́ sára omi. Ibí yìí kò yẹ ẹni tó fẹ́ sá fún ọkọ rẹ̀, ló rò lọ́kàn.

"Bàbá Dùnmí, ẹ bọ́ bàtà, ẹ máa bọ̀."

"Bí mo bá bọ́ sínú omi, ta ni yóò yà ọ́?"

"Ẹ fi fọ́tò sílẹ̀. Ẹ wá fọwọ́ kàn án."

Kò wá. Ó dúró sórí àpáta, ó ń dijú, ó ń ṣíjú, kámẹ́rà ń ró kẹ́, ó tún ró kẹ́. Nígbà tó ṣe, ó gbé kámẹ́rà kúrò lójú, ó wo ìyàwó rẹ̀ ní wíwò tí Monínúọlá kò rí mọ́ láti Òkìtìpupa.

"Monínú..."

Monínúọlá dúró gbagidi nínú omi.

"Gèlè rẹ wọ́," ni Adébíyìí wí.

Monínúọlá jáde nínú omi, ó wọ bàtà rẹ̀. Omi méjèèjì ń pariwo lọ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí kò lẹ́nu nìyẹn, ló ń sọ fún ara rẹ̀, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn padà sí Adó, ó béèrè ohun kan tó ti ń dùn ún lọ́kàn láti àárọ̀.

"Ìjan ńkọ́?"

"Kí ló ṣe Ìjan?"

"Ibi tí ẹ ti lo ọdún mẹ́fà. Ẹ kò dárúkọ rẹ̀."

Adébíyìí yíjú sí fèrèsé. "Kò sí nǹkan níbẹ̀."

Ẹ gbọ́, àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ń há obìnrin lọ́fun bí eegun ẹja. Nígbà tí Monínúọlá wà ní Òkìtìpupa, tíṣà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ yà kí i, ó sì fi àwàdà sọ pé kó fọkàn balẹ̀, Oyèmọ́lá ń tọ́jú ọkọ rẹ̀ dáadáa ní Ìjan. Monínúọlá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Kò béèrè ẹni tó ń jẹ́ Oyèmọ́lá. Ó kàn gbé orúkọ náà mì, kò sì kọjá. Ohun tó tún wá ń dùn ún báyìí ni pé bí ẹnu ọkọ òun bá ti rẹ̀ tó yìí, ó ní ibi tó ti lo ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán.

"Ìjan la ń lọ lọ́la," ló wí. "Bí ẹ kò bá lọ, Ìbàdàn ni mo ń wọkọ̀ lọ láàárọ̀."

Adébíyìí ń ka pátákó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ títí wọ́n fi délé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ti wọ aṣọ, ó ti gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ojú rẹ̀ sì rí bí ti ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ léyín.

Ilé alámọ̀ gígùn kan ni ilé tó gbé ní Ìjan, ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó tútù. Àwọn obìnrin mẹ́rin jókòó síbẹ̀, wọ́n ń bẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe gaàrí. Monínúọlá ti yan aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà bí ẹni tó ń lọ sójú ogun: léèsì aláwọ̀ ewé, gèlè tó le, bàtà tó ga. Kò tíì kí wọn tán tí ọ̀kan nínú wọn fi ju ọ̀bẹ sílẹ̀ tó sì figbe ta.

"Yéè! Tíṣà Oníyàwó-Fọ́tò!"

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. "Tíṣà Oníyàwó-Fọ́tò! Ṣé ẹ ṣì wà láyé?" Adébíyìí dúró bí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ká ẹran ọbẹ̀ mọ́ lọ́wọ́.

Obìnrin tó kọ́kọ́ kígbe dìde. Ó sanra, ó dúdú, ohùn rẹ̀ lè dá mọ́tò dúró. Ó wo Monínúọlá láti òkè dé ilẹ̀. Ó yí i po. Ó tún yí i po lẹ́ẹ̀kejì.

"Ùyàwó inú fọ́tò rèé!" ló wí, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Ìjan. "Ẹ wá wò ó o, ó lẹ́sẹ̀!"

"Kí lẹ rò pé mo ní?" ni Monínúọlá bi í, kò mọ̀ bóyá kó bínú ni àbí kó rín.

"Orí dé àyà nìkan la mọ̀ ọ́ mọ́, arábìnrin mi. Ibi tí ayafọ́tò gé ọ dé nìyẹn. Ọdún mẹ́fà la fi ń rí ọ lára ògiri yàrá yẹn, ìwọ àti gèlè rẹ aláràbarà. Oyèmọ́lá lorúkọ tèmi."

Eegun ẹja náà gbún Monínúọlá lọ́fun. "Oyèmọ́lá," ló wí jẹ́jẹ́. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ tọ́jú ọkọ mi."

"Mo fẹ́ fẹ́ ẹ ni!" ni Oyèmọ́lá wí, kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí ni n ó fi pamọ́? Ọkọ mi ti kú, mo ṣì gún régé, tíṣà tó mọ́ tónítóní wá ń gbé ulé wa, ìyàwó rẹ̀ kò sì yọjú rí. Lọ́lidé gbogbo, a ní 'Tíṣà, ìyàwó yín ò ní wá?' Á ní 'Èmi ni mò ń lọ bá a.' A ní irọ́ ni, tíṣà yìí kò níyàwó, fọ́tò ló rà lọ́jà. Ibẹ̀ la ti sọ ọ́ lórúkọ. Lọ́jọ́ kan mo gún uyán, mo se ẹ̀fọ́ tó ní ẹran ìgbẹ́, mo gbé e fún un, mo sì fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn láti gbọ́ ohun tí yóò wí."

"Kí ni wọ́n wí?" ni Monínúọlá bi í.

"Ó ní, 'Monínú, wá wo nǹkan, wọ́n tún ti gúnyán wá o. Kò tó tìrẹ.' Mo ní ta ló wà nínú yàrá pẹ̀lú tíṣà? Mo yọjú. Òun àti fọ́tò ni!"

Àwọn obìnrin náà di ara wọn mú. Ọ̀kan nínú wọn ń nu ojú. "Lálaalẹ́ ni," ló fi kún un. "Á sọ ti ọmọ tí ibà ń ṣe, á sọ ti ẹni tó bímọ àti ẹni tó kú. Àwa la máa ń dákẹ́ kí a lè gbọ́. Rédíò kò sí nílé wa nígbà náà."

"Mo wá sọ fún ara mi," ni Oyèmọ́lá wí, "pé Oyèmọ́lá, padà lẹ́yìn ọkùnrin yìí. Bó bá jẹ́ obìnrin ẹlẹ́sẹ̀ méjì, mo lè bá a jìjàkadì. Ta ló fẹ́ bá èyí tí kì í jẹun, tí kì í bínú, tí kì í darúgbó jà?"

Monínúọlá rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Kí ni yóò ti ṣe? Eegun tó há a lọ́fun láti ọdún yìí wá ti bọ́ sílẹ̀. Gbogbo obìnrin tó bá gbọ́ irú ìfẹ́ báyìí, ó yẹ kí orí rẹ̀ wú, kí omi ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀. Orí rẹ̀ wú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rín ṣe ń lọ sílẹ̀ ni nǹkan kan ń gbóná bọ̀ láti ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀. Lálaalẹ́, wọ́n ní. Ọdún mẹ́fà. Bébà ni ọkọ òun ń sọ ọ́ fún.

Ìgbà yìí gan-an ni Adébíyìí rí ibi fara pamọ́ sí: ó gbé kámẹ́rà sójú. "Ẹ dúró báyẹn," ló wí, "kí n yà yín, ẹ̀yin méjèèjì. Ìyá Dùnmí, má rẹ́rìn-ín."

Monínúọlá wo ojú dígí kékeré náà tó ń wò ó. Ó rántí ìjókòó, ó rántí ìdúró, ó rántí orí nìkan, ó rántí gèlè mẹ́ta. Ó wá yé e. Ó yé e bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Ó rìn lọ síwájú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo kámẹ́rà lójú.

"Bàbá Dùnmí, kí lẹ fẹ́ fi gbogbo fọ́tò yìí ṣe?"

Adébíyìí ń tún okùn kámẹ́rà ṣe.

"Mo bi yín léèrè."

"Màá gbé wọn kọ́."

"Ibo?"

"Ara ògiri."

"Lẹ́yìn tí mo bá ti lọ."

Àwọn tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ ti gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Adébíyìí wolẹ̀. "Mo rí àpótí rẹ," ló wí. "Mo rí òfì ìyá rẹ nínú rẹ̀. Ẹni tó ń lọ wẹ ọmọ kì í gbé òfì lọ."

"Ẹ mọ̀!" Ohùn Monínúọlá ga. "Ẹ mọ̀ pé n kò bọ̀ mọ́, ẹ kò sì là á lẹ́nu pé má lọ. Kámẹ́rà lẹ gbé! Ẹ ń kó fọ́tò mi jọ bí ẹni ń kó iṣu sínú àká de ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Èmi wà láàyè nínú ilé, ẹ ń ṣe 'hùn' fún mi. Kí n ṣáà tètè lọ ni, kí ẹ lè ráyè máa bá mi sọ̀rọ̀!"

"Ọ̀rọ̀ kò rí báyẹn."

"Báwo ló ṣe rí?"

Ọkùnrin náà ń wá ọ̀rọ̀. Ó ṣòro wò. Oyèmọ́lá kò lè mú un mọ́ra.

"Tíṣà, ṣe bí ẹni pé ògiri ni gbogbo wa. Sọ ọ́."

"Fọ́tò kì í bínú," ni Adébíyìí sọ níkẹyìn. "Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò dùn, màá tún un sọ. Gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ sọ fún ọ lọ́lidé, mo ti máa ń sọ ọ́ fún un tẹ́lẹ̀, èyí tó bá dùn létí mi ni mò ń gbé wá bá ọ. Ìwọ rò pé mo lẹ́nu. N kò lẹ́nu rí, Monínú. Mo máa ń múra sílẹ̀ ni. Ọjọ́ tí o wálé, mo gbé fọ́tò náà kúrò lára ògiri, torí mo ní ẹni tó ni ín ti dé. Ojoojúmọ́ lo wà lójú mi báyìí. Kò sí ibi tí mo ti ń múra sílẹ̀ mọ́."

Monínúọlá ń wo ọkùnrin tó ti fẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́, ó ń wo irun rẹ̀ tó funfun, ó ń wo ìka rẹ̀ tó di okùn kámẹ́rà mú. Ó wù ú kó gbá a mọ́ra. Ó tún wù ú kó gbá a létí. Kò ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ kò múra sílẹ̀ lónìí," ló wí. "Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Adébíyìí bọ́ kámẹ́rà kúrò lọ́rùn, ó gbé e fún Oyèmọ́lá. Láìsí i lójú rẹ̀, ó dà bí ẹni tí wọ́n bọ́ láṣọ.

"Lọ wẹ ọmọ," ló wí. "Ọmọ wa ni. Ṣùgbọ́n kí o bọ̀. N kò fẹ́... Mo ti bá fọ́tò gbé rí, kò dára. Ó ń tutù. Bí mo bá jí lóru... Monínúọlá, má fi mí sílẹ̀. Bí o bá fi mí sílẹ̀, mi ò ní kú o, mi ò ní parọ́. Màá kàn máa jókòó ni." Ó gbé ojú sókè. "N kò sọ ọ́ dáadáa."

"O sọ ọ́ dáadáa," ni Oyèmọ́lá wí, tó ń fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ nu imú. "Ùyàwó, dá a lóhùn. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí."

"Ẹ kò tíì sọ tó," ni Monínúọlá dáhùn.

Ó dágbére fún wọn. Oyèmọ́lá dá kámẹ́rà padà, ó di iṣu fún un, ó sì sọ sí i létí pé kó má jẹ́ kí ọkùnrin náà sinmi. Nígbà tí wọ́n dé etí títì, ọkọ̀ kan ń bọ̀ láti Ìkàrẹ́ tó ti kún tán, àfi ìjókòó méjì lẹ́yìn. Wọ́n fún ara wọn mọ́ ibẹ̀, kámẹ́rà wà nísàlẹ̀ báàgì lábẹ́ iṣu.

Ọkọ̀ kò tíì rìn jìnnà tí Monínúọlá fi fi ìgbọ̀nwọ́ gbún ọkọ rẹ̀.

"Ó yá."

"Kí ló yá?"

"Gbogbo ohun tí ẹ sọ fún fọ́tò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní."

Adébíyìí wo àwọn èrò ọkọ̀. "Nínú mọ́tò?"

"Ṣé fọ́tò ní kí ẹ dúró dìgbà tí ẹ bá délé ni?"

Ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́. "Ọdún kìíní," ló bẹ̀rẹ̀, "òrùlé ń jò. Orí bẹ́ẹ̀dì gan-an ló ń jò sí. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì lọ sápá ọ̀tún, ó bá mi lọ síbẹ̀. Mo gbé e lọ sápá òsì, òjò ní ibo lò ń lọ?"

Ọkùnrin kan tó jókòó síwájú wọn yíjú padà. "Baba, kí ló dé tí ẹ kò pe kápẹ́ńtà?"

"Onílé gan-an ni kápẹ́ńtà."

Ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Monínúọlá náà rín, ó rín débi pé gèlè rẹ̀ ṣubú sórí itan. Adébíyìí rí i. Ó ń wò ó bí ẹni pé òun kò mọ̀ pé ẹ̀rín máa ń jẹ́ kójú ènìyàn hàn tó báyẹn, ọ̀rọ̀ sì fò lọ lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?" ni obìnrin tó gbé agbọ̀n tòmátì lé itan bi í. Òun náà ti ń gbọ́.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n ronú," ni Monínúọlá wí. "Wọn kò múra sílẹ̀." Lẹ́yìn náà ló fẹnu sún mọ́ etí ọkọ rẹ̀. "Mò ń lọ ní Sátidé. Bí ìwẹ̀ ọmọ bá parí, ẹ̀yin lẹ máa wá mú mi. N kò ní dá bọ̀ o. Bí ẹ kò bá wá, ibẹ̀ ni n ó wà."

"Màá wá."

"Bí ẹ bá dé, kí ẹ sọ fún Dùnmínínú fúnra yín pé ẹ wá mú ìyàwó yín lọ ilé. Kí ẹ má jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ kí ẹ máa ka ìwé ìròyìn."

"Màá sọ ọ́."

"Kí lẹ máa sọ?"

"Màá ní..." Ó rò ó. "N kò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n n ó wá."

Monínúọlá gbé ọwọ́ rẹ̀ lé orí ọwọ́ ọkọ rẹ̀, níbẹ̀ lójú gbogbo èrò, ohun tí àgbà bíi tiwọn kì í ṣe. Obìnrin alágbọ̀n rí i, ó sì fi tìfẹ́tìfẹ́ yíjú sí ọ̀nà. Adébíyìí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ padà: ó sọ ti ewúrẹ́ onílé tó jẹ ìwé máàkì ìdánwò, ó sọ ti ọmọ kan tó ń fi ìbéèrè dà á láàmú títí tí ọmọ náà fi di dókítà. Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn wọ́, òmíràn kò nídìí. Ó ń gbé e bọ̀ bẹ́ẹ̀. Adó ti dé, wọn kò mọ̀.

"Bàbá àti Màmá," ni dẹ́rẹ́bà pè láti iwájú, "kì í ṣe ìkóríta tí ẹ ní ẹ máa sọ̀ la dé yìí?"

Adébíyìí fẹ́ dìde. Monínúọlá fà á jókòó.

"Ẹ máa wà á lọ sí gáréèjì, dẹ́rẹ́bà," ló wí. "Ọdún kìíní la ṣì wà."